Ṣé O Mọ̀? Iná Tó Ń Darúgbó, Irin Tó Ń Rántí

Ṣé o mọ̀ pé iná mànàmáná lè darúgbó? Má tíì rẹ́rìn-ín! Tẹ́ irin sórí gíláàsì títí yóò fi fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, jẹ́ kí inú rẹ̀ rí wúruwùru, kí o wá mú un tutù kọjá ibi tí yìnyín dé. Iná inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, á máa rántí àná, á sì máa gbó bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́.

Má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni. Bí o bá wà nínú dáńfó tó ń lọ sí Pleasure, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, tí o sì mú fóònù lọ́wọ́, ọ̀kan lára àwọn irin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn wà lábẹ́ ìka rẹ báyìí.

Índíọ̀mù ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n pò ó mọ́ ọ́síjìn, wọ́n fi tánńganran díẹ̀ sí i, wọ́n fi para gíláàsì ojú fóònù. Iná ń gbà á kọjá, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, o kò sì tíì fojú rí i láti ọjọ́ tí o ti ń lo fóònù!

Tánńganran kẹ̀? Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ilé o. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló ṣòwò dé Jos nígbà tí iṣẹ́ kùsà ń gbóná níbẹ̀, tánńganran yìí gan-an ni wọ́n sì ń wà nínú ilẹ̀ náà.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ń wá índíọ̀mù kò lè dá àwọ̀ mọ̀? Ní 1863, ní ìlú Freiberg ní Jámánì, Ferdinand Reich ní láti jẹ́ kí Theodor Richter bá òun wo àwọ̀ tó wà nínú ọwọ́ iná, nítorí ojú tirẹ̀ kì í ya àwọ̀ sọ́tọ̀. Ìlà kan tó ní àwọ̀ aró ni Richter rí níbẹ̀, bí irin tuntun ṣe dé ayé nìyẹn.

Iná inú wáyà, kó tó kan ti inú òtútù

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ẹ̀yà bíńtín tó ń ru iná, kì í sáré nínú wáyà? Nínú wáyà bàbà tó nípọn, ó lè máa wọ́ lọ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń rìn, kìlómítà kan péré á gbà á ní ohun tó lé ní ọjọ́ 115!

Ó tún kù. Kò sí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tó tíì ti ibùdó iná Ẹ́gbìn, níhà Ìkòròdú, rin ìrìn àjò dé Pleasure rí. Ibùdó náà lè pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ń mì lójú kan náà. Nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò bá pariwo “Ọ́ọ̀pù NÉPÀ!”, èyí tó tan gílóòbù rẹ ti wà nínú wáyà ilé rẹ láti àná.

Kí o má bàa rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n: nínú bàbà, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ń forí gbá nǹkan ní nǹkan bí ìgbà tírílíọ̀nù 40 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí bàbà kì í fi rántí ohunkóhun. Bí o bá dà á láàmú, kí ojú rẹ tó ṣẹ́, ó ti gbàgbé.

Fi èyí sọ́kàn o, nítorí irú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan náà, tí kò tóbi sí i, tí kò kéré sí i, ni yóò máa fi odindi ọjọ́ ro ọ̀rọ̀ nígbà tí a bá dé inú òtútù.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà kan wà lára àwọn tó kọ́ ayé bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń rí irin? Ní 1965, Alexander Animalu àti Volker Heine tẹ ìṣirò kan jáde tó kárí irú átọ́ọ̀mù 25, àlúmíníọ̀mù àti òjé wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ físíìsì káàkiri ayé lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Òtútù tó ń dójú ti fírísà

Ṣé o mọ̀ pé fírísà tó ń mú ẹja dì ní ọjà Òkè-Odò gbóná gan-an? Dígíríì 18 lábẹ́ òdo ló yẹ kó wà. Nínú hílíọ̀mù olómi ni awọ irin tiwa, irin tí a tẹ́ fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, ń gbé, níbi tí ó ti jẹ́ dígíríì 269 lábẹ́ òdo!

Kò sí ohun tó lè tutù kọjá dígíríì 273 àti díẹ̀ lábẹ́ òdo. Ibẹ̀ ni òtútù parí sí, láyé àti lójú ọ̀run. Ibi tó tutù jù tí wọ́n tíì rí láàárín àwọn ìràwọ̀ ni kúrukùru tí wọ́n ń pè ní Boomerang, tó ku dígíríì kan péré kó dé òpin yẹn. Àwọn yàrá ìwádìí tó ń wo awọ irin a sì máa tutù jù ú lọ, lórí tábìlì!

Hílíọ̀mù náà ńkọ́? Ojú oòrùn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àmì rẹ̀, ní 1868, ọdún 27 kí William Ramsay tó rí i láyé níbí. Òun kan náà ló wà nínú bàlúù ọjọ́ ìbí tó ń fò lọ sókè bí ọmọ bá jọ̀wọ́ okùn rẹ̀.

Heike Kamerlingh Onnes ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di omi, ní ìlú Leiden ní Netherlands, ní 1908. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ti mákúrì bọ inú òtútù yẹn, ìdíwọ́ tó wà fún iná nínú rẹ̀ sì pòórá lójijì. Kò kù díẹ̀ o, ó tán pátápátá!

Ṣé o mọ̀ pé òjé borí wúrà? Ní nǹkan bí dígíríì 266 lábẹ́ òdo, òjé ń gbé iná láìsí ìdíwọ́ kankan. Wúrà, fàdákà àti bàbà, àwọn mẹ́ta tí gbogbo ayé ń fi gbé iná, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí bó ti wù kí wọ́n tutù tó.

Ẹni tó borí gbogbo irin pọ́ńbélé, bí a kò bá fún wọn pọ̀, ni níóbíọ̀mù, tó ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní dígíríì 264 lábẹ́ òdo. Ṣé o mọ̀ pé ní àwọn ọdún 1950, ilẹ̀ Jos ni èyí tó pọ̀ jù nínú kólóńbáìtì, òkúta tí wọ́n ń yọ níóbíọ̀mù lára rẹ̀, ti ń wá fún gbogbo ayé? Di orúkọ irin yìí mú, a óò padà sórí rẹ̀.

Kí ni wọ́n fi ń wọn irú òtútù bẹ́ẹ̀? Rẹsísítọ̀ rédíò! Ní 1952, Clement àti Quinnell fi hàn pé rẹsísítọ̀ oníkábọ́ọ̀nù, irú èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń yọ dànù, lè sọ bí hílíọ̀mù olómi ṣe tutù tó, torí pé bí òtútù ṣe ń le ni ìdíwọ́ inú rẹ̀ ń ga sókè fíofío.

Ẹwà wúruwùru

Ṣé o mọ̀ pé awọ irin kan lè fẹ́lẹ́ débi tí átọ́ọ̀mù méjì péré fi ní láti gun ara wọn lórí kó tó di odidi? Ní Yunifásítì Minnesota ní 1989, Haviland, Liu àti Goldman tẹ́ bísímọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀, láti nǹkan bí ìdajì nánómítà títí dé nánómítà 7. Mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan o!

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ mi. Awọ tó fẹ́lẹ́ jù dí ọ̀nà mọ́ iná pátápátá bí òtútù ṣe ń le. Wọ́n fi átọ́ọ̀mù díẹ̀ kún un, ó sì ń gbé iná láìsí ìdíwọ́ kankan! Ààlà àárín àwọn méjèèjì bọ́ sí ìtòsí 6,450 òòmù, nọ́ńbà tó ń jáde látinú ìṣirò ẹ̀yà bíńtín fúnra rẹ̀, tí kò kan irú irin tí o lò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú inú awọ irin dàrú? Wọ́n ń sọ irin di afẹ́fẹ́, wọ́n jẹ́ kó balẹ̀ sórí gíláàsì tó tutù gidi, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan á sì lẹ̀ mọ́ ibi tó bá bọ́ sí. Bí ó bá gbóná díẹ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á rìn wá tò. Nítorí náà, inú òtútù kan náà ni wọ́n ti ń ṣe é, tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, láì gbé e jáde rárá.

Ṣé o mọ̀ pé ìdàrú máa ń ran irin lọ́wọ́ nígbà míràn? Ní 1954, Buckel àti Hilsch ní Göttingen tẹ́ bísímọ́ọ̀tì wúruwùru sínú òtútù, ó sì ń gbé iná láìsí ìdíwọ́ ní dígíríì 6 sókè òpin òtútù. Bísímọ́ọ̀tì tó tò létòlétò kò ṣe bẹ́ẹ̀ títí di 2017, nígbà tí àwọn olùwádìí ní Mumbai bá a níbi tó tutù ju tọ̀hún lọ ní ìgbà tó lé ní 10,000!

Àlúmíníọ̀mù náà gba irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀: ó ń bẹ̀rẹ̀ ní dígíríì kan àti díẹ̀ sókè òpin òtútù tó bá wà lódindi, ó sì ń kọjá mẹ́ta tí a bá fọ́ ọ sí hóró wẹ́wẹ́. Guinea, tí kò jìnnà sí wa, ló ní bọ́ksáìtì, òkúta àlúmíníọ̀mù, jù láyé.

Ìwé tó sọ pé ìdàrú tún lè dá iná dúró ńkọ́? Philip Anderson kọ ọ́ ní 1958: bí irin bá dàrú tó, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á há sójú kan, kò ní lọ síbì kankan mọ́. Ìwé náà wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ayé tó yà sí i. Ẹ̀bùn Nobel dé ní 1977, ọdún 19 lẹ́yìn náà.

Ní 1979, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn fi ìṣirò hàn pé nínú irin tó fẹ́lẹ́ pẹrẹsẹ, ìdàrú bíńtín ti tó láti há ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀. Ohun tó ní gíga àti jíjìn nìkan ló lè rí ọ̀nà sá.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó há wá ń fò. Ṣé o mọ̀ pé bí òtútù bá le, ó máa ń fo aládùúgbò rẹ̀ dá, tí yóò lọ bá ibi tó jìnnà? Nevill Mott ló là á yé wa ní ìparí àwọn ọdún 1960: ibi jíjìn tí agbára rẹ̀ bá sún mọ́ tirẹ̀ tù ú lára ju ìtòsí tó ga jù ú lọ.

Nọ́ńbà tó ń darí ìṣirò Mott, èyí tó ń sọ bí iná ṣe ń dín kù bí òtútù ṣe ń le, dùn-ún wò: ìdá kan nínú mẹ́rin fún irin tó nípọn, ìdá kan nínú mẹ́ta fún èyí tó fẹ́lẹ́. Ní 1975, Efros àti Shklovskii wá ka ọ̀rọ̀ títì tí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ti ara wọn mọ́ ọn, ó sì di ìdajì, ì báà nípọn, ì báà fẹ́lẹ́.

Índíọ̀mù ọ́ksáìdì wúruwùru, ìyẹn índíọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ ọ́síjìn, náà ní idán tirẹ̀: nínú òtútù, ó lè máa gbé iná láìsí ìdíwọ́, kí o mú mágínẹ́ẹ̀tì ńlá sún mọ́ ọn, kó sì ti ilẹ̀kùn pátápátá.

Ibi tí irin ti ń rántí

A ti dé ibi tí mo fẹ́ràn jù. Gíláàsì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí Davies, Lee àti Rice kọ sórí ìwé wọn ní 1982. Àwọn átọ́ọ̀mù irin náà dúró gbọn-in sáyè wọn. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń hùwà gíláàsì, tí wọn kò lè farabalẹ̀ tán.

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọnú awọ irin yìí, iná tó ń kọjá á pọ̀ sí i, bí o bá sì fà wọ́n jáde, iná náà á tún pọ̀ sí i? Ben-Chorin, Kowal àti Ovadyahu rí i nínú índíọ̀mù ọ́ksáìdì ní Jerúsálẹ́mù ní 1991. Kò sí ẹ̀gbẹ́ tí o lè dà á kọ tí kò ní ta jìgì. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Àwọn ará Cambridge ti fura ṣáájú. Ní 1984, Adkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́ wúrà ní erékùṣù wẹ́wẹ́ tí kò kan ara wọn, iná inú rẹ̀ sì ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ kúrò.

Irin mìíràn wà lábẹ́ awọ náà tí wọ́n ń pè ní géètì. Fóltéèjì orí rẹ̀ ló ń ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọlé, tó ń fà wọ́n jáde. Wàyí o, ṣe èyí: fi fóltéèjì kan sórí géètì, mú un tutù, kí o sì lọ sùn. Bí o bá padà dé lọ́jọ́ kejì tí o yí fóltéèjì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, iná á lọ sílẹ̀ níbì kan ṣoṣo, níbi tí o fi í sí lánàá gẹ́lẹ́!

Ta ló sọ fún un? Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kò sí mẹ́mórì káàdì. Bí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe tò ara wọn lóru ni àkọsílẹ̀ náà.

Yí géètì sí fóltéèjì tuntun, kòtò tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í jìn níbẹ̀, ti àtijọ́ á sì máa kún. Fún ìgbà díẹ̀, irin kan ṣoṣo ń rántí ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà!

Kòtò náà kéré o. Ìdá díẹ̀ péré nínú ọgọ́rùn-ún iná tó ń kọjá ló jẹ́, a ní láti ní sùúrù àti ẹ̀rọ tó dára ká tó rí i. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí ayé tó ṣàkíyèsí rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń lọ́ra? Wo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Pleasure ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ kúrò, síbẹ̀ ọ̀nà kò là: dáńfó tìrẹ kò lè sún àfi bí ti iwájú bá sún, ti iwájú ń dúró de tirélà tó dábùú, tirélà ń dúró de kẹ̀kẹ́ Márúwá tó há sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, onímárúwá náà sì ń wo ojú tìrẹ. Bí ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe rí nìyẹn: gbogbo wọn ń ti ara wọn, kí ọ̀kan tó lè fò, àìmọye ní láti yí ìdúró wọn padà.

Èyí ló fa ìyanu mìíràn. Nínú índíọ̀mù ọ́ksáìdì, bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ń lọ́ra tó! Níbi tí wọ́n ti kéré níye, kíá ni wọ́n ń farabalẹ̀, ìrántí a sì pòórá.

Ṣé o fẹ́ràn ìṣirò? Iye tí iná fi ń dín láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kìíní sí ìkẹwàá dọ́gba pẹ̀lú iye tó fi ń dín láàárín ìkẹwàá sí ọgọ́rùn-ún, ó tún dọ́gba pẹ̀lú ti ọgọ́rùn-ún sí ẹgbẹ̀rún. Tó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án ní àárọ̀ ni yóò fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣe bó bá ti lo ọjọ́ kan, tí yóò sì fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe bó bá ti pé ọdún kan!

Ṣé o mọ̀ pé kò ní aago tirẹ̀? Ní 2000, Vaknin, Ovadyahu àti Pollak yí géètì sí ibi tuntun fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì dá a padà. Nígbà tí wọ́n dá a dúró pẹ́, ó pẹ́ kó tó gbàgbé. Nígbà tí kò pẹ́, kò pẹ́. Nígbà tí wọ́n fi àkókò ìdúró pín àkókò ìgbàgbé, gbogbo ìlà orí ìwé wọn gun ara wọn, ó di ìlà kan ṣoṣo. Aago ẹni tó dà á láàmú ni irin náà ń lò.

Ìmọ́lẹ̀ náà lè da orí rẹ̀ rú. Tan iná tí ojú èèyàn kò lè rí sí i, irú èyí tó wà ní orí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Yóò fi ọ̀pọ̀ wákàtí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Minnesota, Goldman àti Martinez-Arizala pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún rí ìwà kan náà ní 1997 àti 1998, lára irin tí wọ́n tẹ́ sínú òtútù. Jerúsálẹ́mù lo índíọ̀mù ọ́ksáìdì, Minnesota lo irin pọ́ńbélé, Grenoble ní Faransé lo hóró àlúmíníọ̀mù wẹ́wẹ́, gbogbo wọn sì ń lọ́ra bákan náà.

Àwọn ìbátan rẹ̀ láyé

Ṣé o mọ̀ pé gíláàsì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí iná tó ń lọ́ra? Ní 1854, Rudolf Kohlrausch ń wo iná tó ṣẹ́ kù sínú ìgò tí wọ́n ń tọ́jú iná sí. Iná náà kò tán bọ̀rọ̀, ìṣirò tí ó ṣe fún un sì ni wọ́n ń lò fún gíláàsì gbogbo títí dòní.

Gíláàsì kì í sì í ṣe àjèjì nílé wa. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ìwalẹ̀ tí Abídèmí Babalọlá darí hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ ọ. Ifẹ̀ ni wọ́n ti po ọ̀pọ̀ rẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500. Kálísíọ̀mù àti àlúmíníọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀ lọ́nà tí gíláàsì ilẹ̀ mìíràn kò gbà pọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Rárá o! Edgar Zanotto ṣírò rẹ̀ ní Brazil ní 1998: ọjọ́ orí ayé àti ìràwọ̀ gbogbo kò tó fún un láti ṣàn bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń ṣàn ni ọ̀dà dúdú inú ìgò ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà. Wọ́n dà á sí i ní 1927, ẹ̀kán kẹsàn-án rẹ̀ sì já ní 2014. Ẹ̀kán mẹ́sàn-án láàárín ọdún 87!

Ike náà ń gbó lọ́nà yìí. L. C. E. Struik kọ ìwé lé e lórí ní 1978: bí ike bá ṣe pẹ́ sí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ ọ́ ni yóò ṣe máa lọ́ra sí i láti dáhùn bí o bá gbé ẹrù lé e.

Bébà tí o rún mọ́wọ́ ńkọ́? Ní 2002, àwọn olùwádìí rún ike fẹ́lẹ́, wọ́n gbé ẹrù lé e, ó sì ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ìlànà ìlọ́po mẹ́wàá kan náà. Ní 2017, àwọn mìíràn rí i pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ń rántí ẹrù tí wọ́n ti gbé lé e tẹ́lẹ̀.

Giorgio Parisi ará Ítálì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021, lára iṣẹ́ rẹ̀ sì ni ìṣirò tí ó ṣe fún mágínẹ́ẹ̀tì wúruwùru, ẹ̀gbọ́n gíláàsì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Bàbà tí wọ́n fi mángánísì díẹ̀ sí wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà.

Mo ní ká di níóbíọ̀mù mú, àbí? Ní 2014, Delahaye, Grenet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Faransé po níóbíọ̀mù mọ́ sílíkọ́ọ̀nù, wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, wọ́n mú un tutù. Kòtò ìrántí wà níbẹ̀ bí wọ́n ti retí. Wọ́n mú un gbóná díẹ̀díẹ̀, kòtò náà kò lọ. Wọ́n mú un dé ìwọ̀n ooru inú yàrá lásán, ó ṣì wà!

Ìyẹn ni pé irin tí a mọ̀ mọ́ ilẹ̀ Jos lè rántí láìsí hílíọ̀mù olómi. Kí ló dé tí níóbíọ̀mù àti sílíkọ́ọ̀nù fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ooru, tí índíọ̀mù àti àlúmíníọ̀mù fi ń fẹ́ òtútù? Ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀, kò sí ìdáhùn kan tí gbogbo ayé ti fọwọ́ sí. Bí ọmọ kan bá wà nílé rẹ tó ń kọ́ físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, jọ̀wọ́, kà á sí i létí lálẹ́ yìí.